Luis Tiant: Ọdún 14 Láìfojú Kan Bàbá

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Luis Tiant nìyẹn, ọmọ Kúbà tó fi jíju bọ́ọ̀lù béísìbọ́ọ̀lù jẹun ní Amẹ́ríkà.

Marianao, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Havana, ni wọ́n bí i sí ní 1940. Iṣẹ́ kan náà ni bàbá rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n torí àwọ̀ dúdú, wọn ò gbà á sí líìgì ńlá. Líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú ló ti bá New York Cubans ṣeré. Nígbà tí Jackie Robinson fi máa la ọ̀nà ní 1947, bàbá ti pé ẹni 40 ọdún.

Ní 1961, Luis wà ní Mẹ́síkò, ó ń ṣeré, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Bàbá ránṣẹ́ sí i pé kó má padà wálé o. Ìjọba Castro ń fòpin sí eré ìdárayá olówó. Bó bá wọlé, ó lè má ráyè jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni.

Luis kọjá sí Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde fún Cleveland ní 1964, ó na Yankees 3-0. Ní 1968, ó borí nígbà 21. Eegun èjìká rẹ̀ sán ní 1970, ẹgbẹ́ rẹ̀ jù ú sílẹ̀, àwọn èèyàn ní ó parí. Boston Red Sox ló gbà á, ó sì tún dìde.

Ní 1975, Sẹ́nétọ̀ George McGovern mú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lọ bá Castro, Castro sì gbà. Ní August, bàbá àti ìyá gúnlẹ̀ sí Boston. Ní ọjọ́ 26, wọ́n pe bàbá jáde ní Fenway Park kó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Luis bá a mú kóòtù dání. Èyí tó kọ́kọ́ jù kò dáa tó. Baba ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà, ó tún un jù, ó wọlé ṣánṣán. Ní October, àwọn òbí rẹ̀ jókòó wò ó nínú World Series, bó ṣe na Cincinnati 6-0, tó sì tún ju bọ́ọ̀lù 163 nínú ìdíje kan ṣoṣo kó tó borí 5-4.

Ní December 1976, bàbá kú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìyá náà tẹ̀lé e.

Ó di 2007 kí Luis tó tún tẹ ilẹ̀ Kúbà. Nígbà tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 2019, Son of Havana ló sọ ìwé náà, ọmọ Havana. Ó kú ní 2024. Ìgbà 229 ló borí, síbẹ̀ títí tó fi kú, wọn ò gbà á sí Hall of Fame.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré físà màmá àti bàbá yín, ẹ ó mọ ìṣirò kejì: ọdún 14 láìfojú kan bàbá, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ papọ̀.