Ìdí Tí Sonic Kò Fi Lè Sáré Tó ní Yúróòpù

Bí onílù bá ṣe lù ú ni oníjó ń jó o. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìtàn géèmù orí tẹlifíṣọ̀n mu gan-an.

Ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ Sega ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé Sonic the Hedgehog jáde fún ẹ̀rọ Mega Drive. Eré sísá ni wọ́n fi polówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sonic tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì rà kò yára tó ti Jàpáànù àti Amẹ́ríkà. Ìrìn tó ń gbà á ní ìṣẹ́jú 10 ní Tokyo, ìṣẹ́jú 12 ló ń gbà á ní London. Orin inú rẹ̀ pàápàá ń falẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán sì dúdú.

Kí ló fà á? Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ni. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Amẹ́ríkà ti ń lo iná tó ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí Jámánì sì mú 50, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀lé e. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí i pé bí àwòrán kò bá bá iná rìn, òjìji yóò máa kọjá lójú rẹ̀. Nítorí náà, BBC bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 50 ní ọdún 1936. Amẹ́ríkà fi òǹtẹ̀ lu 60 ní ọdún 1941. Jàpáànù, tí apá kan rẹ̀ ń lo iná 50 tí apá kejì ń lo 60, tẹ̀lé tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà.

Ojú tẹlifíṣọ̀n yìí ni ẹ̀rọ géèmù fi ń ka àkókò. Bí àwòrán kan bá parí ni ẹ̀rọ ń ya òmíràn. Bí kò bá dúró, òkè àwòrán yóò jẹ́ ti àná, ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ ti òní, bí aṣọ tó ya láàárín. Ìgbésẹ̀ Sonic kọ̀ọ̀kan dúró lórí àwòrán kan. Níbi tí àwòrán bá ti jẹ́ 50 dípò 60, ìdá kan nínú mẹ́fà eré rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ìlà àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù sì jẹ́ 625, ti Jàpáànù jẹ́ 525. Ìlà tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi sílẹ̀ ní dúdú.

Wọ́n lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò sì ṣe é. Ọmọ tó rà á kò mọ̀ pé ohun kan dín, nítorí kò rí èkejì fi wé e. Àwa náà ní Nàìjíríà, iná 50 àti tẹlifíṣọ̀n PAL irú ti Yúróòpù ni tiwa.

Ní ọdún 1999, nígbà tí Sega gbé Dreamcast dé Yúróòpù, ọ̀pọ̀ géèmù rẹ̀ fún ènìyàn láyè láti yan 60. Ní ọdún 2013, Nvidia kéde G-Sync, níbi tí ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti ń dúró de àwòrán. Onílù wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ oníjó.

Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú àwọn tó yan 50 tàbí 60. Ìdí wọn dára nígbà náà. Àmọ́ ìpinnu a máa pẹ́ ju ìdí rẹ̀ lọ, ẹni tí kò sí níbi ìpàdé ló sì sábà máa ń san owó rẹ̀.