Ọkọ̀ tí Ẹ̀yìn Ń Tì: Ìtàn Kúpé Olówó Pọ́ọ́kú àti Eré Àárín Kóònù

Àwọn kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó wà ní Amẹ́ríkà ti ń bi mí ní ìbéèrè kan tí kò jọ ìbéèrè gírámà rárá: "Prọ́f, ọkọ̀ wo ni kí n rà tí màá fi máa ṣe autocross lópin ọ̀sẹ̀, tí kò ní sọ mí di onígbèsè?" Kúpé tí táyà ẹ̀yìn ń tì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Mi ò kàn ní ju orúkọ ọkọ̀ kan sílẹ̀ kí n sì máa lọ. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìtàn ni màá sọ, torí inú ìtàn yìí gan-an ni ìdáhùn wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ pé àṣà mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Faransé ni "coupé", ó wá láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí "gé". Kí mọ́tò tó dé, kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n gé ìjókòó kan kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, orúkọ náà bá a lọ: ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, tó ní òrùlé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "gé" yẹn sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Autocross náà, eré tí wọ́n gé kúrú ni. Kò sí pé ọkọ̀ méjì ń fara gbá ara wọn. Wọ́n á to kóònù sórí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀ tàbí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, aago ni yóò máa bá díje. Ó sábà máa ń parí láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Sports Car Club of America, tí gbogbo èèyàn ń pè ní SCCA, kóònù kan tí ẹ bá gbá ṣubú á fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún àkókò yín. Bí ẹ bá ṣi ọ̀nà gbà láàrin kóònù, eré yẹn ò kà. Jíà kejì ni èèyàn máa ń lò jù níbẹ̀. Nítorí náà, agbára ńlá tó ń gbé ọkọ̀ fò lójú títì márosẹ̀ kì í ráyè jáde. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí, bó ṣe ń dúró, àti bó ṣe ń ṣí kúrò lójú kan ló ń pinnu ẹni tó yege.

Ọdún 1944 ni wọ́n dá SCCA sílẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti gbé ní Ìlú Ọba ti rí àwọn ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ MG, ojú wọn sì ti wọ̀ ọ́. Láti 1945 dé 1949 ni wọ́n fi ṣe MG TC. Agbára ẹṣin rẹ̀ kò ju 54 lọ, apá ọ̀tún sì ni sítíárìn rẹ̀ wà, kódà èyí tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹgbàárùn-ún péré, ìyẹn 10,000, ni wọ́n ṣe, bíi 2,000 ló sì wọ Amẹ́ríkà. Kékeré ni iye yẹn, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ àwọn tó ń gun mọ́tò tó tóbi bí ilé pé ọkọ̀ tó fúyẹ́ lè dùn ún wà ju ọkọ̀ tó lágbára lọ. Láàrin 1952 sí 1954, Ọ̀gágun Curtis LeMay, tóun náà fẹ́ràn ọkọ̀ eré, gbà kí SCCA máa díje lórí pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun. Ìdíje àpapọ̀ autocross ti SCCA bẹ̀rẹ̀ ní 1973, pápá ọkọ̀ òfuurufú náà ló sì ti ń wáyé láti 2009, ní ìlú Lincoln ní ìpínlẹ̀ Nebraska.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ Ford gbé Mustang jáde ní 2,368 dọ́là. Abẹ́ Falcon, ọkọ̀ ẹlẹ́bí lásán, ni wọ́n gbé e lé, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi mọ níwọ̀n. Wọ́n tà ju 400,000 lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ló ń tì í, kúpé ni, mẹ̀kúnnù sì lè rà á. Kí ló wá kù? Ó kù pé kí wọ́n má jẹ́ kó sanra. Wọ́n jẹ́ kó sanra. Nígbà tó máa fi di 1971, ọkọ̀ náà ti gùn, ó ti fẹ̀, ó ti wúwo.

Àwọn ará Jàpáàn ló gba ipò tó ṣí sílẹ̀ yẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yutaka Katayama ló ń bójú tó Datsun ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Nílé, "Fairlady Z" ni wọ́n sọ kúpé wọn tuntun. Katayama mọ̀ pé orúkọ yẹn kò ní tà lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà, ló bá ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀, kí wọ́n lẹ 240Z mọ́ ọn. Iye lítà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 2.4, ni wọ́n fi ṣe orúkọ. 3,526 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní 1970. Katayama lo ọdún 105 láyé kó tó kú ní 2015, títí dòní sì ni àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ń pè é ní "Mr. K".

Nígbà náà, ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì kì í ṣe ohun àrà. Àwa náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ẹ̀yìn ló ń tì í: ẹ́ńjìnnì wà níwájú, ọ̀pá irin gígùn kan sì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ bá táyà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ohun tó máa pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ ti délẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn tí wàhálà Suez ní 1956 mú kí epo wọ́n ní Ìlú Ọba, Alec Issigonis ya àwòrán Mini, wọ́n sì gbé e jáde ní 1959. Ó dá ẹ́ńjìnnì ní ìbú, ó sì ní kí táyà iwájú máa fa ọkọ̀. Ọ̀pá irin abẹ́ ọkọ̀ kò wúlò mọ́, inú ọkọ̀ wá gbòòrò, epo sì ń pẹ́. Nígbà tí ọ̀wọ́n epo 1973 wá kárí ayé, ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ gba ọ̀nà Issigonis lọ.

Fún ẹni tó ń lọ sọ́jà, kò sí aburú kankan níbẹ̀. Àmọ́ láàrin kóònù, táyà iwájú di ìránṣẹ́ ọ̀gá méjì: òun ló ń yí ọkọ̀, òun náà ló ń fà á. Bí ọkọ̀ bá sì ń ṣí kúrò lójú kan, ìwúwo rẹ̀ máa ń rọ́ sẹ́yìn, iwájú á wá fúyẹ́ lásìkò tó yẹ kó di ilẹ̀ mú. Nínú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì, iṣẹ́ pín. Iwájú ń darí, ẹ̀yìn ń tì, ìwúwo tó rọ́ sẹ́yìn á sì máa tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ọkọ̀ tí iwájú ń fà kì í yege o. Wọ́n ní kíláàsì tiwọn, wọ́n sì ń gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń gbé ìwúwo kiri, ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì ni olùkọ́ tó dára jù.

Àwọn olóríkunkun mélòó kan ni kò jẹ́ kí irú ọkọ̀ yìí parẹ́. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ Mazda ní Hiroshima gbé RX-7 jáde. Ẹ́ńjìnnì tí Felix Wankel ará Jámánì hùmọ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí kò ní písítìn tó ń lọ sókè sódò; nǹkan onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀. Ó kéré, ó sì fúyẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè gbé e sún sẹ́yìn táyà iwájú kí ìwúwo ọkọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba.

Ní 1983, Toyota sọ Corolla di ọkọ̀ tí iwájú ń fà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀yà kan sílẹ̀ kí ẹ̀yìn máa tì í. AE86 ni. A dúró fún ìdílé ẹ́ńjìnnì, E fún Corolla, 8 fún ìran rẹ̀, 6 fún ẹ̀yà. Àwọn ọ̀dọ́ Jàpáàn mú nọ́ńbà méjì ìgbẹ̀yìn, wọ́n ń pè é ní "hachi-roku", ìyẹn "mẹ́jọ-mẹ́fà". Ká ní àwa la fẹ́ pè é, mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún! Kéèyàn tó pè é tán, ọkọ̀ ti sáré dé òpin. Lítà 1.6 péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní 1995, Shuichi Shigeno bẹ̀rẹ̀ ìtàn alàwòrán Initial D, níbi tí ọmọ alátòfú kan ti ń fi ọkọ̀ yìí lé àwọn ọkọ̀ alágbára lórí òkè. Ìtàn yẹn gbé òkìkí rẹ̀ jáde kọjá Jàpáàn.

Lẹ́yìn náà ni Miata. Ní 1979, Bob Hall, akọ̀ròyìn ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, sọ fún Kenichi Yamamoto tó jẹ́ ọ̀gá ní Mazda pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ní oṣù kejì ọdún 1989, wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní Chicago: lítà 1.6, agbára ẹṣin 116, ìwúwo tí kò tó 1,000 kílò, 13,800 dọ́là. Gbólóhùn kan ni Toshihiko Hirai àtàwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ wọn: jinba ittai, pé kí ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ara kan. Mazda ní inú èdè Jámánì àtijọ́ ni wọ́n ti mú "Miata", pé "èrè" ló túmọ̀ sí. Lóòótọ́, Miata kì í ṣe kúpé, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká. Ṣùgbọ́n ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní 2016, wọ́n ṣe ẹyọ mílíọ̀nù kan rẹ̀ pé.

Toyota náà wò ó. Wọ́n darapọ̀ mọ́ Subaru, Tetsuya Tada sì ni olórí iṣẹ́ náà fún Toyota. Kúpé tó jáde ní 2012 ń jẹ́ Toyota 86, ìrántí hachi-roku. Ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 86, písítìn rẹ̀ sì ń rìn ní mìlímítà 86. Agbára ẹṣin 200, ìwúwo bíi 1,250 kílò. Nínú BRZ tí Subaru ń pè é, R ń sọ pé ẹ̀yìn ló ń tì í. Nínú FR-S tí wọ́n fi tà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà, F ni ẹ́ńjìnnì iwájú, R ni táyà ẹ̀yìn. Orúkọ tó sọ gbogbo iṣẹ́ ẹni nìyẹn, bí oríkì. Ìran kejì dé gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2022, GR86: lítà 2.4, agbára ẹṣin 228, láti 27,700 dọ́là.

Ó yá, kí ni ìtàn yìí sọ fún ẹni tó fẹ́ rajà? Àkọ́kọ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n gé kúrò kí ẹ tó béèrè ohun tí wọ́n fi kún un. Àlòkù Mustang àti Nissan 350Z wà, agbára wọn sì pọ̀. Ṣùgbọ́n 350Z fi bíi 200 kílò wúwo ju 86 lọ, ìwúwo á máa jẹ táyà, táyà á sì máa jẹ owó yín.

Èkejì, ẹ jìnnà sí àwọn àgbà ọkọ̀ bí ẹ kò bá lówó àtúnṣe. 240Z àti AE86 tí wọ́n ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ti di ohun tí ọlọ́rọ̀ ń kó jọ, èyí tó kù ní owó pọ́ọ́kú, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. RX-8, àbúrò RX-7, tí wọ́n tà láti 2003 dé 2012, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó kí ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì Wankel tó wọn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn tó ń tì náà lè yí yín po, pàápàá bí òjò bá rọ̀. Láti orí ọkọ̀ ọdún 2012, òfin Amẹ́ríkà ti sọ ẹ̀rọ tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyípo di dandan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ìyẹn. Ẹ sì ka ìwé òfin kí ẹ tó yí ohunkóhun padà lára ọkọ̀. Ohun kékeré kan tí ẹ so mọ́ ọn lè gbé yín lọ bá àwọn tí apá yín kò ká.

Tí wọ́n bá wá ní dandan kí n dárúkọ: àlòkù 86, FR-S tàbí BRZ láti 2013 wá. Bí ẹgbẹ́ àdúgbò yín bá gba ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ká, tí orí yín sì wọ inú rẹ̀, Miata. Ẹ ra táyà tó dára, kí ẹ fi owó tó kù san owó ìwọlé eré, nítorí ìjókòó nídìí sítíárìn ló ń kọ́ èèyàn, agbára ẹṣin kì í kọ́ni.

Ẹ má sì rò pé ìlẹ̀kùn yìí á ṣí sílẹ̀ títí. Ní Yúróòpù, láti 2022 dé 2024 péré ni wọ́n fi ta GR86. Òfin ààbò tuntun ló gbé e kúrò lórí àtẹ. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí irú ọkọ̀ yìí fẹ́ parẹ́, ẹnì kan níbì kan ló takú pé kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó sì rí ọkàn gbà nítorí pé àwọn èèyàn ń rà á, wọ́n sì ń wà á. Ọkọ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò sínú gáréèjì kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ti sáré tirẹ̀, kó fi iye ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Iye kóònù tó gbá ṣubú náà, kó má fi pamọ́ o.