Kí Ló Gbé Awakọ̀ Sí Ọwọ́ Ọ̀tún?

Ẹ̀yin ará wa ní Pobẹ̀ àti Sakété, àwọn mọ́tò kan wà tí awakọ̀ wọn ń jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún. Kí ló fà á?

Ó yẹ kí awakọ̀ sún mọ́ àárín ọ̀nà, kí ó lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Faransé ń gba ọwọ́ ọ̀tún, awakọ̀ wọn wà ní òsì. Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọwọ́ òsì, awakọ̀ tiwọn wà ní ọ̀tún.

Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ààlà ya àwa àti àwọn ará wa. Nígbà tí mọ́tò dé, kálukú mú òfin ọ̀nà tirẹ̀ wá. Mọ́tò tó bá ti Igolo kọjá sí Ìdí-Ìrókò ní láti bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ọmọ ìyá ni wá, àmọ́ ọ̀nà wa kò bára mu.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, ọdún 1972, Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bíi tiwa. Gánà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1974. Òfin yí padà ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àyè awakọ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́ kò yí padà. Bí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ tó wà níwájú, kò rí ọ̀nà dáadáa. Ilẹ̀kùn ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń ṣí sí àárín títì.

Bí ẹ bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má kánjú sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú.