Ó Le, Àmọ́ Kò Yi

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún mi pé kí n yí i sí Yorùbá, ìwé tó ń ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè yan kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ àṣelàágùn. Gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló kún fún rugged. Mo kọ́kọ́ kọ "kọ̀ǹpútà alágbára", mo sì pa á rẹ́, torí pé lẹ́nu àwọn tó ń rà á, èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo wá kọ "kọ̀ǹpútà líle". Ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀. Bí a bá ní ìdánwò le, ohun tó ṣòro là ń sọ, èmi ò sì fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìwé náà rò pé ẹ̀rọ tó ṣòro lò ni wọ́n fẹ́ tà fún òun.

Ọjọ́ tí mo lọ tún ṣájà mi ṣe n'Ìkẹjà, lọ́jà kọ̀ǹpútà tó wà ní òpópónà Ọ̀tígbà, ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Bó bá ṣí i, ojú ẹ̀rọ náà á yẹ̀ sẹ́yìn bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n ti lọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣàtúnṣe tú ìdí rẹ̀, ó sì fi ẹnu sukudiráfà tọ́ka sí hínjì. Irin hínjì ò ṣe nǹkan kan. Ike tí wọ́n ri àwọn nọ́ọ̀tì idẹ kéékèèké sí ló fọ́ yí wọn ká. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ń yí gbiri nínú rẹ̀ bí òkúta inú agolo. Mo ní, "Ṣé ike yìí ò le tó ni?" Ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀, ike náà tún sán.

"Ẹ̀gbọ́n, ó le o. Ó le, àmọ́ kò yi."

Yi! Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ẹran àgbébọ̀ adìyẹ tó ti dàgbà, fún awọ, fún ìtàkùn tó ń tẹ̀ tí kì í já. Àwo tánganran le ju awọ bàtà lọ, ṣùgbọ́n bí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni lẹ́ẹ̀kan péré, gbígbá ló kù. Ẹ sọ bàtà mọ́lẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, bàtà ni yóò ṣì jẹ́. Nígbà tí Panasonic gbé kọ̀ǹpútà Toughbook jáde ní 1996, ohun tí wọ́n ń lé nìyẹn: magnesium tó fúyẹ́ tó sì lágbára ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ dípò ike. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń kó iṣẹ́ pamọ́ sórí àwo tó ń yí, wọ́n a fi ohun rírọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìgbọ̀nrìrì má baà dé inú. Rírọ̀ yẹn wà lára yíyi rẹ̀. "Le" kò lè gbé èrò yẹn láéláé.

Ìṣòro kan ṣì kù, ti àmì ohùn. Bí mo bá kọ "kọ̀ǹpútà yíyi", tí atẹ̀wé sì gbàgbé àmì, ẹnì kan á kà á sí yíyí, bíi pé ẹ̀rọ náà ń pòòyì. Nítorí náà "kọ̀ǹpútà tó yi" ni mo yàn.

Mo gbìyànjú láti dá orúkọ tó gún régé sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti la ọ̀nà fún wa, mo sì ṣe aṣubúmáfọ́. Ó dùn lẹ́nu, ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n asọ̀rọ̀mágbèsì gan-an ti ń gba èsì báyìí, àwọn olùgbọ́ ń pè é lórí fóònù láràárọ̀. Orúkọ tó bá ṣèlérí jù, ọjọ́ ń bọ̀ tí ohun tó ń jẹ́ ẹ yóò já a kulẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìṣubú tí ìwé ìlànà MIL-STD-810 ti iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ń sọ. Wọ́n a sọ ẹ̀rọ sílẹ̀ láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 122, bí ìgbà tó bọ́ láti àyà àgbàlagbà, nígbà 26: ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, etí 12, igun 8. Ìlànà náà sì fàyè gbà á pé kí wọ́n pín ìṣubú 26 yẹn fún ẹ̀rọ tó tó márùn-ún. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè má jẹ gbogbo ìyà yẹn. Ẹni tó bá ka aṣubúmáfọ́, tó wá jẹ́ kó já láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi ló máa bú.

Ibi tí mo ti bínú jù nìyí. Ìwé náà ní ẹ̀rọ wọn jẹ́ "ti ológun", wọ́n sì ń fẹ́ kí n kọ pé àwọn ológun Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Irọ́ ni. Àwọn ológun kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí lórí ìlànà yẹn. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ló ń dán an wò fúnra rẹ̀, tàbí kó gbé e fún ilé àyẹ̀wò, ó sì lè mú ìdánwò bíi mélòó kan kó fi èyí tó kù sílẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "Wọ́n fi ìdánwò tí àwọn ológun Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ dán an wò, ẹ béèrè èwo nínú wọn." Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ti omi àti eruku rọrùn jù, Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló ń tẹ̀ lé IP, àmì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń dènà eruku àti omi. Èkíní, láti 0 dé 6, ti eruku ni. Èkejì, láti 0 dé 9, ti omi. Nínú ti omi, 1 àti 2 ni omi tó ń kán tótó. 4 ni omi tó ń ta sí i lára láti ìhà gbogbo. 5 ni omi tó ń tú jáde láti ẹnu họ́ọ̀sì. 7 sì ni kí ó rì sínú omi mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. IP65 wá di: eruku ò lè wọ inú rẹ̀ rárá, bí wọ́n sì fi họ́ọ̀sì wọ́n omi sí i, kò ní bàjẹ́. Kò sọ pé kí ẹ rì í sínú kànga.

Lọ́jọ́ yẹn n'Ìkẹjà, ọmọbìnrin yẹn bi alátúnṣe léèrè pé, "Bọ̀dá, tí èyí bá kú, èwo ni kí n rà?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò dárúkọ ẹ̀rọ kankan. Ó ní, "Kí ló máa ń ṣe é?" Ọmọbìnrin náà ní òun máa ń kì í mọ́ ìwé nínú báàgì, òun á gun ọ̀kadà, ọwọ́ kan lòun sì fi ń ṣí i láti igun. Alátúnṣe dáhùn pé, "Ẹ má ra èyí tó wúwo bíi kílò mẹ́ta, ẹ̀yin ò lọ sógun. Ẹ wá tòkunbọ̀ tí àwọn ọ́fíìsì ń lò, tí wọ́n de hínjì rẹ̀ mọ́ irin, tó sì lè fara da omi tó bá dà sí bọ́tìnnì. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ṣí i." Mo ronú kan ẹni tó ń wọn ilẹ̀ lóko, tí tirẹ̀ jẹ́ ojú ẹ̀rọ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ìwọ̀n nit 1000 kó tó lè rí àwòrán ilẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, nígbà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé kì í ju bíi 300 lọ, mo sì ronú kan nọ́ọ̀sì tó ń fi oògùn apakòkòrò nu tirẹ̀ lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan.

Mo padà sílé, mo pa àkọlé ìwé náà rẹ́, mo sì fi ìbéèrè alátúnṣe yẹn sípò rẹ̀: "Kí ló máa ń ṣe kọ̀ǹpútà yín?"