Aṣọ Àgbà, Àkísà Àgbà

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé wọ́n kàn fi ń bu ọmọdé kù ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ tú u wò yóò rí i pé orí àkísà ni òwe náà dúró lé. Nítorí pé owó lè ra aṣọ lóòjọ́, bí baba ọmọdé bá sì rí jájẹ, ó lè fi sányán àti àlàárì kún àpótí ọmọ rẹ̀ dé ẹnu, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta èyí tó gbó sí ni lára, tí òjò ti pa, tí oòrùn ti sá, tí ẹ̀gún ọ̀nà oko sì ti fà ya.

Ọ̀rọ̀ àkísà yìí ni mo fẹ́ fi wo irú eré orí tábìlì kan tó gbòde, èyí tí olúkúlùkù fi ń gbé ẹ̀dá-ìtàn wọ̀, tí ọ̀kan ń di jagunjagun, tí èkejì ń di oníṣègùn, tí adarí eré ń sọ ohun tó dé bá wọn, tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yọrí tàbí kò yọrí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ òye ẹ̀dá-ìtàn sílẹ̀, awuyewuye kò sì tán láàárín wọn lórí irú ènìyàn ẹlẹ́ran ara tí nọ́ńbà báyìí-báyìí ń tọ́ka sí.

Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, kò fi ìbéèrè náà da ara rẹ̀ láàmú. Nígbà náà, iye ohun abàmì tí ènìyàn pa àti iye wúrà tó rù jáde nínú ihò ilẹ̀ ló ń gbé e gun ipele, tó fi jẹ́ pé oṣó tó kó ìṣúra wálé á di oṣó tó gbówọ́ sí i láìṣí ewé kan tó já. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni ayé rí, àwọn olè ìbá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

GURPS, iṣẹ́ ọwọ́ Steve Jackson, tó jáde ní 1986, ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dáìsì mẹ́ta ni wọ́n ń jù níbẹ̀, àròpọ̀ wọn kò sì gbọdọ̀ ju nọ́ńbà òye ẹni lọ. Ẹni tí òye rẹ̀ nípa kọ́kọ́rọ̀ jẹ́ 12 kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn. Dáìsì bọ́ sílẹ̀, ó fi 5, 5 àti 3 hàn. 13 nìyẹn, ilẹ̀kùn kò ṣí. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìgbà 74 nínú 100 ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe é yọrí, bẹ́ẹ̀ oníkọ́kọ́rọ̀ tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin, ta ni yóò tún ránṣẹ́ pè é? Ìwé eré náà ní èsì: ìgbà tí ewu wà nítòsí ni nọ́ńbà náà wà fún, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́, a ó bu 4 lé e, 16 á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tàsé mọ́. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ń ṣírò bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ní wákàtí 200 lọ́dọ̀ olùkọ́ ló ń mú máàkì kan wá, wákàtí mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì ju wákàtí kan lọ́dọ̀ olùkọ́ lọ. Ibẹ̀ ni èmi àti wọn ti yà. Gbogbo wákàtí tí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránṣọ fi ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fi dúró níwájú oníbàárà tó ti gé léèsì rẹ̀ kúrú.

Nínú Call of Cthulhu ti Sandy Petersen, ọdún 1981, ẹni tí òye rẹ̀ jẹ́ 75 gbọ́dọ̀ ju iye tó ju 75 lọ kí ó tó lè tẹ̀ síwájú, nígbà tí ohun tó ju 30 ti tó fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 30. Òótọ́ ni, bí iṣẹ́ ṣe ń mọ́ni lọ́wọ́ ni ìtẹ̀síwájú ń falẹ̀. Àmọ́ àṣeyọrí nìkan ló ń fúnni láǹfààní láti ju dáìsì ọ̀hún. Dungeon World, ọdún 2012, yí i dà: ẹni tó bá fi dáìsì méjì ju 6 tàbí kí ó dín, tí ọ̀ràn bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, òun gan-an ló ń gba máàkì.

Síbẹ̀, èyí tí mo yàn láàyò ni Traveller tí Marc Miller gbé jáde ní 1977. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ̀dá-ìtàn ti wọṣẹ́ láti ọmọ ọdún 18, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni sáà kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ ju dáìsì ní sáà kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá yóò yè é. Ẹni tí kò bá yè é ti kú, ẹni tó ni ín á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Tó bá di ọmọ ọdún 34, ara bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lágara. Ipele 3 nínú ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n fi ń pe ènìyàn ní dókítà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ abẹ, ìyára ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 8. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọjọ́ orí bá yọ ẹyọ kan kúrò nínú 8 dókítà kan, ipele 3 rẹ̀ kò yẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ kò yẹ̀, á ṣì máa kọ oògùn fún aláìsàn. Kìkì pé ẹlòmíràn ni yóò máa bá a di abẹ mú.