Ẹrù tí A Kò Wọ̀n: Bàálù tí ó Já ní Kútọnù ní Ọdún 2003

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2003, nígbà tí agogo mẹ́ta ọ̀sán kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bàálù Boeing 727 kan gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Cadjèhoun ní Kútọnù. Kò lọ jìnnà tí ó fi já sí etí òkun. Ènìyàn 141 ni ó kú. Àwọn tí ó yè kò ju ogún ènìyàn àti díẹ̀ lọ. Nínú ìtàn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò sí jàǹbá bàálù mìíràn tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

UTA, Union des Transports Africains, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gínì, ni ó ń lo ọkọ̀ náà. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ UTA ti ilẹ̀ Faransé, èyí tí bọ́ǹbù fọ́ DC-10 rẹ̀ lókè aṣálẹ̀ Ténéré ní 1989. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀.) Conakry ni bàálù náà ti wá, ó ń lọ sí Kufra ní Líbíà, sí Beirut, kí ó tó dé Dubai. Àwọn ará Lẹ́bánónì tí wọ́n ń ṣòwò ní ìhà wa níhìn-ín ni ó pọ̀ jù nínú àwọn èrò. Wọ́n ń lọ bá ẹbí wọn ṣọdún. Àwọn ọmọ ogun Bángládẹ́ṣì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ àlàáfíà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà wà níbẹ̀, wọ́n ń padà sílé.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Mítà 2,400 ni ọ̀nà tí bàálù fi ń sáré ní Cadjèhoun, oòrùn sì mú lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, kì í gbé ìyẹ́ bàálù dáadáa. Ìṣirò tí àwọn awakọ̀ ṣe fún ìgbéra kéré sí ìwọ̀n tòótọ́ ọkọ̀ náà ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méje. Èyí tí ó tún burú ni pé iwájú ni ẹrù wúwo sí, wọn kò sì mọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọlọ́jà tí ó ru apẹ̀rẹ̀ àgbàdo láti oko Idigny bọ̀, tí ẹrù rẹ̀ tẹ̀ síwájú, yóò mọ ohun tí mò ń sọ: ọrùn ń jà láti gbé orí sókè. Bẹ́ẹ̀ ni imú bàálù náà kọ̀, kò tètè gbéra kúrò nílẹ̀. Ọ̀nà tán. Ó fi ara gbá ilé kékeré kan tí a kó ẹ̀rọ atọ́nà bàálù sí, ní mítà 118 sí òpin ọ̀nà náà, ó sì já.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé àṣìṣe awakọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, nítorí awakọ̀ ni ó gbà láti gbé ohun tí a kò wọ̀n. Ṣùgbọ́n BEA ti ilẹ̀ Faransé, tí ó ṣe ìwádìí náà fún ìjọba Bẹ̀nẹ̀, kò dúró síbẹ̀. Ìjábọ̀ rẹ̀ fi hàn pé ilé iṣẹ́ náà kò ní ìmọ̀, kò ní ètò, kò sì ní ìwé tí ó lè fi ṣàkóso ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó fi yẹ ẹrù wò. Ó fi hàn pẹ̀lú pé àwọn aláṣẹ òfurufú ilẹ̀ Gínì, àti ti Swaziland ṣáájú wọn, kò bójú tó o bí ó ti yẹ. Ní èrò tèmi, ibí gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn dúró sí. Bí a bá di gbogbo ẹ̀bi lé àwọn ọkùnrin tí wọ́n wà lẹ́nu ọkọ̀ lórí, ta ni yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó buwọ́ lùwé pé kí ọkọ̀ náà máa fò?

Òṣìṣẹ́ kan wà nínú ilé ẹ̀rọ atọ́nà náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò mọ ohunkóhun nípa ẹrù. Ó sì fara pa gidigidi.