Oúnjẹ, Àbíkú àti Ìwé Ìwọ̀n Ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Ìtàn Òṣogbo sọ pé láti Ìpolé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Lárọ́òyè àti Tìmẹ́hìn ti wá omi lọ títí wọ́n fi dé etí odò Òṣun. Láti ayébáyé ni àwọn ìyá ti ń pọn omi odò náà lọ sílé láti fi wẹ ọmọ, kí wọ́n sì fún un mu. Omi tútù ni àwọn olùsìn Òṣun gbà pé ó ń wo ọmọ sàn, láìsí àgbo orí iná. Nínú ètò yìí, ìyá ni oníṣègùn àkọ́kọ́, inú ilé sì ni ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ìparí àwọn ọdún 1950 kò lè yé e dáadáa.

Ní 1956 ni Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild, ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ní Iléṣà. Ìmẹ̀sí-Ilé ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ yàn láti máa ṣọ́ ìdàgbàsókè àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí wọn. (Agbègbè yìí kan náà ni ogun Kírìjí ti jà, tí wọ́n fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886.) Ohun tí wọ́n rí kò ṣàjèjì sí abiyamọ kankan. Ọmọ a máa sanra dáadáa lórí ọmú fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ògì á wọlé. Ògì ń pa ebi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a kò bá fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin kún un, ara ọmọ kò ní í le. Bí èéyi tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá wá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ikú kò jìnnà.

Ẹran àti ẹyin kò ṣọ̀wọ́n tán nínú ilé. Àwọn àgbà ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá mọ adùn ẹran yóò di olè. Níbí yìí ni àṣà ti ṣe ọmọdé níbi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, àṣà yìí kan náà ni ó fi ọmọ sí ẹnu ọmú fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí ó sì ya ìyá sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ ọkọ kí oyún mìíràn má baà tètè dé. Ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, Cicely Williams kọ ní 1935 nípa àìsàn tí àwọn Gã ń pè ní kwashiorkor, èyí tí ń mú ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ti lé kúrò lẹ́nu ọmú. Àwọn Yorùbá ti mọ ewu náà. Yíya ọmọ sí ara wọn ni oògùn tí wọ́n ní sí i. Àwọn tí ó pe èyí ní ìwà àìlajú kò ronú jinlẹ̀.

Ti àbíkú ni ó le jù. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí a fi orúkọ náà pè, ebi kò sì lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni a kọ ilà sí lára, tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ni kò kánú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú? Ìyá gbà pé ọmọ ti pinnu láti lọ; kò sí ohun tí ó lè fi hàn án pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ìwé ìwọ̀n ọmọ ni Morley fi dáhùn. Wọ́n fa ìlà méjì sórí rẹ̀ bí ọ̀nà tí ń gun òkè. Bí wọ́n bá ti wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì kan sí i. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá lè rí i bóyá àmì náà ń gòkè tàbí ó dúró sójú kan, nígbà tí ara ọmọ kò tí ì rù lójú aládùúgbò. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ fún ìyá lójú kan náà. Nígbà tí Nicholas Cunningham fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Mẹ̀sí tí ó wà nítòsí, tí kò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ó rí i pé ikú ọmọdé kéré jù ní Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ìwé náà ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé kí Morley tó kú ní 2009. Èyí tí ó yà á sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ilé-ìwòsàn kò fi í pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Inú ọ̀rá ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì kó o fún ìyá lọ sílé, níbi tí ìkòkò ògì wà.